Wọ́n ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọdé níjó: ẹ̀kọ́ wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbà, ṣé èèyàn sì lè fi iṣẹ́ yìí jẹun?

Ẹsẹ̀Rírọ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jó ní ilé ìkọ́jó àdúgbò wa. Ballet, ijó orí ìtàgé àwọn òyìnbó, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá ni mo fi ijó òde òní kún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó ni ilé ìkọ́jó náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ ọdún 5 sí 8 ti fẹ́ máa lọ, pé kí n gba kíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀.

Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró síwájú dígí, mo ní kí n ṣàlàyé ìfò kékeré kan, èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo ìfò tí mo mọ̀, bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà níwájú mi. Ẹsẹ̀ mi fò ó láìsí wàhálà. Ẹnu mi ò rí nǹkan kan sọ ju "ṣe báyìí" lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ? Ṣé dandan ni ìwé-ẹ̀rí, àbí ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti fi jó tó? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn òbí mi ti bi mí léèrè, mi ò sì rí èsì fún wọn.

ÌyáOlùkọ́

Àbúrò mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ níwájú dígí yẹn gan-an ni ìdáhùn. Ara rẹ mọ ijó, ṣùgbọ́n o ò tíì mọ bí ara rẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 27 ni mo ti ń kọ́ni. Orí ìtàgé ni mo wà tẹ́lẹ̀, kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi tó já nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 31. Mo rò pé ẹni tó ti jó níwájú èrò rẹpẹtẹ ò lè máa bẹ̀rù ọmọ mẹ́wàá. Ní kíláàsì mi àkọ́kọ́, mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jó fún wọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo ní ó kàn wọ́n, kò sí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbé.

Olùkọ́ àgbà kan ló là mí lójú. Ó gbà mí sọ́dọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, ó gbé àga kan sí igun yàrá, ó ní n kò gbọdọ̀ dìde níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kí n máa wò. Lọ́sẹ̀ kejì, orúnkún. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀yìn àti èjìká. Tí kíláàsì bá parí, á ní kí n sọ ohun tí mo rí lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á sọ gbogbo ohun tí ojú mi fò. Oṣù kẹta ló tó jẹ́ kí n bá ọmọ kan sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré. Ọdún méjì gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: tí o bá dojú kọ àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ òsì ni wàá gbé, "ọ̀tún" ni ẹnu rẹ máa pè, torí bíi dígí ni wọ́n ṣe ń wò ọ́. Ó tó oṣù méjì kí orí mi tó gbà á. Nítorí náà, má dá nìkan gba kíláàsì yẹn. Bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n fi ọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí wàá máa ràn lọ́wọ́ ná.

Jagunijó

Mà, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àga inú igun yẹn pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí tí àbúrò wa béèrè ni mo fẹ́ fèsì sí, torí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ijó dáadáa tí ẹ̀rù ìwé yìí lé sá.

Hip-hop ni mo ń kọ́ni, ọdún kejìlá rèé. Ní Bronx, ní ìlú New York, láàárín àwọn ọdún 1970, níbi àríyá àti lójú títì, ni àwọn ọ̀dọ́ ti dá breaking, ọ̀kan lára àwọn ijó hip-hop, sílẹ̀. Ta ni ì bá dán wọn wò? Inú agbo ijó, níbi tí àwọn yòókù ti dúró yí ẹni tó ń jó ká, ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn. Ijó yẹn kan náà ló dé ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris ní 2024. Inú agbo ni èmi náà ti kọ́ tèmi. Tí o bá wọ agbo láìmọ ohun tí ò ń ṣe, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìwé, ojú àwọn tó yí ọ ká ni yóò sọ fún ọ. Mo sì mọ ẹnì kan tó gbé ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta kọ́ ògiri, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń jó bí ère tí wọ́n gbẹ́ lára igi kan ṣoṣo.

Bí o bá mọ ijó rẹ, tí o fẹ́ràn ọmọ, tí o ní sùúrù, bẹ̀rẹ̀.

AtọjúEegun

Ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé àwọn tó bá farapa wá. Agbo lè kọ́ èèyàn ní ijó, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó wà lábẹ́ awọ ọmọ ọdún méje fún un.

Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láti ọrùn-ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Lára ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ibì kan wà nítòsí ìparí eegun tó ṣì rọ̀, ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn. Ìfò àfòtúnfò lórí ilẹ̀ kọnkéré lè ṣe ibẹ̀ ní jàǹbá, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìkọ́jó tó mọ iṣẹ́ fi ń tẹ́ pákó tó ń rọ̀ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀. Ohun kejì: nígbà tí ọmọ bá ń ga lójijì, ní bí ọdún 11 sí 14, eegun sábà máa ń gùn ṣáájú iṣan. Ọmọ tó ń ká bí okùn lọ́dún tó kọjá á wá le gbagidi, kò ní lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan mọ́. Olùkọ́ tí kò mọ èyí á ní ọ̀lẹ ni. Mo ti rí ọmọ tó fi ijó sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, nígbà tó jẹ́ pé oṣù díẹ̀ sùúrù ni ara rẹ̀ ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti ballet. Yíyí ẹsẹ̀ síta, inú ìgbáròkó ló ti ń wá, níbi tí orí eegun itan ti wọ inú ihò rẹ̀, bí ihò náà sì ṣe rí lára ẹnì kan kọ́ ló rí lára ẹlòmíràn. Tí olùkọ́ bá fipá to ẹsẹ̀ ọmọ sí ìlà kan lórí ilẹ̀, tí ìgbáròkó ò sì lè yí débẹ̀, orúnkún ni yóò san gbèsè náà, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì wó sínú. Bàtà olórí líle tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ọdún 12 ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ, ọjọ́ orí nìkan ò sì tó, a gbọ́dọ̀ yẹ agbára ọrùn-ẹsẹ̀ àti ti ikùn wò.

Olùkọ́ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísanra. Àwọn ọ̀dọ́ oníjó tí oúnjẹ wọn ò tó iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nǹkan oṣù wọn lè dáwọ́ dúró, eegun wọn á sì máa sán. Ní 2014, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé fún àìlera yìí ní orúkọ, RED-S. Ẹni tó ń rí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló lè kọ́kọ́ fura, olùkọ́ ijó sì nìyẹn.

ÌyáAláṣọFunfun

Mi ò kì í jó, ọmọ mi ló ń jó. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin mi, ní ilé ìkọ́jó tá a kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí orúnkún là sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́ labalábá. Olùkọ́ ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún wọn mọ́lẹ̀. Gíláàsì ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò. Mo rí i tí ọmọ mi fún etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò ké. Ìgbà tá a délé ló sọ fún mi pé olùkọ́ ní ẹni tó bá ké kò ní sí lára àwọn tó máa jó lọ́jọ́ àṣehàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tiro. Nígbà tí mo lọ rí ọ̀gá wọn, wọ́n ní olùkọ́ náà ti gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin.

Ọmọ mi ti wà níbòmíràn báyìí, ara rẹ̀ ti yá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, kí ni òbí tí kò mọ nǹkan kan nípa ijó lè béèrè kó tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀?

ÌyáOlùkọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ bá mi fọwọ́ kan orí ọmọ náà.

Béèrè ìbéèrè kan yìí: "Nígbà tí olùkọ́ yìí ń kọ́ iṣẹ́, ta ló jókòó ti í tó ń wò ó bó ṣe ń kọ́ni?" Ẹ má béèrè ibi tó ti jó. Ẹ má béèrè ife-ẹ̀yẹ. Bí èsì bá jẹ́ pé kò sẹ́ni kankan, ẹ dúró wo kíláàsì náà látòkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Irú ohun tó ṣe ọmọ yín ló mú kí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kó ara wọn jọ láyé àtijọ́. Ní London, wọ́n dá Imperial Society of Teachers of Dancing sílẹ̀ ní 1904. Ní 1920, àwọn mìíràn, tí àwọn oníjó ballet bíi Adeline Genée tó wá láti Denmark àti Tamara Karsavina tó wá láti Rọ́ṣíà wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ tá a wá mọ̀ sí Royal Academy of Dance sílẹ̀, torí pé ẹni tó bá wù ú ló ń ṣí ilé ìkọ́jó nígbà náà, kò sì sí ẹni tó ń wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ́. Láti ìgbà náà ni irú ẹ̀kọ́ tá a ní lónìí ti ń gbilẹ̀: wàá jó ìdánwò tìrẹ dé ìpele gíga, lẹ́yìn náà wàá kọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, bí a ṣe ń to kíláàsì, àti orin. Wàá tún kọ́ni fún iye wákàtí kan lábẹ́ olùkọ́ àgbà, ẹlòmíràn á sì wá jókòó wò ọ́.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Enrico Cecchetti, olùkọ́ ballet ti Ítálì, ya ìdánrawò sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí apá kan ara má baà gba gbogbo iṣẹ́. Agrippina Vaganova, olùkọ́ ballet ti Rọ́ṣíà, to tirẹ̀ ní ọdọọdún, ohun tí ọmọ máa kọ́ lọ́dún kejì ò lè ṣáájú ti ọdún kìíní, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1934. Mo ti kọ́ méjèèjì. Tiwọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní kẹ́ ẹ tẹ orúnkún ọmọ mọ́lẹ̀.

Jagun, mo gbọ́ ọ. Ìwé orí ògiri kì í kọ́ni. Àwọn ojú tó wà nínú agbo yín yẹn, ojú olùdánwò ni. Ijó rẹ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo bí o ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó ya àwa méjèèjì nìyẹn.

OnílèIjó

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ní ilé ìkọ́jó sọ̀rọ̀ owó, torí ẹnikẹ́ni ò tíì dá àwọn òbí ọmọ yìí lóhùn.

Wákàtí ni a fi ń sanwó fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, kì í ṣe oṣù. Àwọn ọmọ kì í dé àfi tí ilé-ìwé bá jáde, nítorí náà ọ̀sán sí alẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ wà. Tí ilé-ìwé bá wà nísinmi, owó á dáwọ́ dúró. Wákàtí tí wàá fi wá orin, tí wàá fi dá ijó, tí wàá fi bá òbí sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibi púpọ̀ ni wọn kì í sanwó rẹ̀. Kí o tó fọwọ́ síwèé, béèrè: ṣé wọ́n ń sanwó ìmúrasílẹ̀? Tí wọ́n bá fagi lé kíláàsì, ta ló máa jẹ gbèsè? Tí o bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o lè kọ́ni níbòmíràn?

Àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun dọjọ́ ogbó lọ́dọ̀ mi, kò sí èyí tó dúró lé ohun kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń kọ́ àwọn àgbàlagbà láàárọ̀. Òmíràn ń lọ sí ilé-ìwé. Òmíràn ti di olùdánwò, ó ń rìnrìn àjò káàkiri. Ọ̀kan ń jó pẹ̀lú àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú ara gbọ̀n, tó sì ń mú kó le. Iṣẹ́ yẹn ti gbòòrò gan-an láti ìgbà tí ẹgbẹ́ oníjó Mark Morris bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Brooklyn ní 2001, ó sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ ṣọ́ ọ̀fun yín pẹ̀lú. Mo ti rí olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ lọ pátápátá nítorí ó ń pariwo borí orin. Àtẹ́wọ́ tó láti dá kíláàsì dúró.

Tí mo bá fẹ́ gba olùkọ́, mo máa ń fún un ní ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú àwọn tó kéré jù. Mi ò wo bó ṣe ń jó, ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ ni mò ń wò. Nígbà kan, ọmọdébìnrin kan sá sí ìlà ẹ̀yìn, ó ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ga jù ú lọ. Olùkọ́ tuntun yẹn ò pe orúkọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ yí padà, ògiri tó wà lẹ́yìn yẹn niwájú wa báyìí," ó sì rìn lọ síbẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn di ìlà iwájú. Mo ti gbà á síṣẹ́ kó tó jáde.

Ẹsẹ̀Rírọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ÌyáOlùkọ́ han ọ̀gá wa, wọ́n sì gbà: olùkọ́ tó ń lọ á dúró di òpin sáà yìí, èmi á máa ràn án lọ́wọ́. Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé tí mo bá ti di olùkọ́, mo ti gbà pé mi ò ní dé orí ìtàgé mọ́.

ÒpìtànIjó

Àbúrò, ọ̀nà iṣẹ́ yìí kì í tọ́ gbọnrangandan. Wo Pearl Primus. Wọ́n bí i ní Trinidad ní 1919, ìlú New York ló dàgbà sí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló kà jáde ní 1940, iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò ló ń wá, wọn ò fún un nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ijó ló bá lọ. Ní 1948 ó rí owó ìrànwọ́ gbà láti wá kọ́ ijó ní Áfíríkà, ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Ó jó, ó kọ́ni, ó ṣèwádìí, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1978, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

Germaine Acogny ńkọ́? Ilẹ̀ Benin ni wọ́n bí i sí ní 1944, Senegal ló dàgbà sí. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ló kọ́ ní Faransé kó tó ṣí ilé ìkọ́jó kékeré kan ní Dakar ní 1968. Láti 1977 sí 1982, òun ló darí Mudra Afrique, ilé ìkọ́jó kan ní Dakar, lẹ́yìn rẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ dá ilé ìkọ́jó École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, ní Senegal. Láàárín gbogbo èyí, ó kúrò lórí ìtàgé fún ọdún bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n ó padà síbẹ̀ ní 1987. Ní 2021, àjọ̀dún ijó ìlú Venice ní Ítálì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni tirẹ̀, inú kíkọ́ àwọn ẹlòmíràn ló ti rí i.

Atẹdùùrù

Kúkúrú ni tèmi. Dùùrù ni mò ń tẹ̀ fún kíláàsì ballet. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tuntun ń kà dé mẹ́jọ, wọn ò mọ̀ bóyá orin ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí méjì-méjì. Kọ́ bí wàá ṣe fi ohùn rẹ sọ bí orin ṣe máa yára tó kí n tó fọwọ́ kan dùùrù. Tí o bá fi ohùn líle kà, ìfò líle ni wàá rí lára àwọn ọmọ.

Jagunijó

Mo ti ronú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ màmá ọmọ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Lọ́dún karùn-ún tí mo ti ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan ọmọ ọdún 13 ń fi orúnkún balẹ̀ nínú ìṣubú kan tí mo kọ́ wọn. Báyẹn ni èmi náà ṣe kọ́ ọ nínú agbo, mo sì gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ wú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eegun àti ìtọ́jú pàjáwìrì, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ itan ni kó kọ́kọ́ balẹ̀, kí ara yí tẹ̀ lé e. Mi ò sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Mo ṣì gbà pé agbo ni ilé ẹ̀kọ́ ijó mi. Ṣùgbọ́n ÌyáOlùkọ́, mo ti ké sí ẹnì kan tó ju mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ pé kó wá jókòó ní kíláàsì mi lọ́jọ́ Sátidé, kó wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Ọdún kejìlá rèé, kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ẹsẹ̀Rírọ̀

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó máa bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wákàtí àti owó fún àwọn òbí mi bí OnílèIjó ṣe sọ ọ́. Bàbá mi ní kí n máa kọ gbogbo wákàtí tí mo bá ṣe sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Lánàá, ẹsẹ̀ ni mò ń wò. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà tó máa ń ṣubú sápá òsì tó bá fẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Gbogbo èèyàn ní kò lágbára tó. Mo rí i pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká mọ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, bí ẹni tó fẹ́ di ilẹ̀ mú. Olùkọ́ ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo rò ó díẹ̀, mo wá ní, "Jẹ́ kí gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ sùn gbọọrọ." Ó wo ìka rẹ̀, ó tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Mo ka mẹ́rin kó tó sọ ọ́ kalẹ̀.